Ìtọ́jú ọpọlọ ọmọdé tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀: ta ni yóò jókòó ti ọmọ wa ní Kwara?

Ètò tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ kì í jókòó sójú kan mọ́. Èyí tí ìjọba Australia dá sílẹ̀ lọ́dún 2006 ti wọ Denmark àti Ísírẹ́lì. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì onígi nínú ọgbà ilé ìwòsàn ní Harare, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, ti dé Malawi àti Zanzibar. Nàìjíríà náà ti wà lójú ọ̀nà wọn, pàápàá láti January 2023 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ti buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin ọdún 1958 tí wọ́n fi wèrè sọ lórúkọ. Bó pẹ́ bó yá, irú àjọ bẹ́ẹ̀ yóò kan ilẹ̀kùn Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìlọrin ni yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà yóò ní òun fẹ́ lọ sí Ọ̀fà, àti sí Òró, Òmù-Àrán àti àwọn ìlú Ìgbómìnà tó kù.

Mo fẹ́ kó dé. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn pọ̀ láàárín wa, wọn kò sì rí ẹni bá wọn dá sí i. Àmọ́ ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí mo rí nínú ìtàn àwọn ètò tó ti ilẹ̀ kan dé òmíràn ni pé kì í ṣe ilé tuntun tàbí áàpù orí fóònù ló mú wọn fìdí múlẹ̀. Ẹni tó jókòó ti ọmọ náà ni. Ọmọ ìlú ni ẹni náà, ó gbọ́ èdè ọmọ, onímọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lè pè, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dúró lọ́jọ́ tí àlejò bá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù tó gba inú ara jáde

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19 láyé, ọ̀kan ní ìṣòro ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Lọ́dún 2024, òun àti UNICEF tún là á yé wa pé ìdá kan nínú mẹ́ta irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ń yọjú kí ọmọ tó pé ọdún 14, ìdajì rẹ̀ sì ti yọjú kó tó pé 18. Nítorí náà, àgbàlagbà tí a rí tó ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́bàá títì, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti máa ṣe é láti ìgbà tó wà ní JSS 2, kó má sì sí ẹni tó bi í.

A kì í tètè rí i nítorí pé ti ẹni tó já sí ọjà nìkan ni a mọ̀. Ti ọmọdé kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè máa sọ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé pé inú ń run òun, kí inú náà sì dákẹ́ bí wọ́n bá ti ní kó má lọ sílé-ìwé. Ó lè máa lu àbúrò rẹ̀ ní àlùbolẹ̀. Ó sì lè dákẹ́ débi tí àwọn ará ilé á fi máa yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń wá sọ pé orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí àwọn, ìwé ò wọlé mọ́. Wọn ò sọ pé inú àwọn bàjẹ́ tàbí pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Orí àti ojú ni wọ́n ń tọ́ka sí. Bí wọ́n bá wá gbé ìwé ìbéèrè tí wọ́n kọ fún ọmọ London wá síwájú ọmọ Òró, tí kò béèrè nípa orí, inú àti oorun, ọmọ náà yóò dáhùn rárá sí gbogbo rẹ̀, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣe é.

Ní ẹkùn gúúsù Kwara, ẹ̀rù ti wọnú ìgbé ayé àwọn ọmọ láwọn ọdún yìí. Àwọn ọmọ Ọ̀fà tó wà ní pírámárì ní April 2018 gbọ́ ìró ìbọn ọjọ́ tí àwọn adigunjalè wọ àwọn báńkì ìlú náà, tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn ọlọ́pàá. Ní February 2024, àwọn agbébọn pa ọba ìlú Koro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, nínú ààfin rẹ̀. Ní November 2025, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Eruku nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n kó àwọn olùjọ́sìn lọ, ó sì di ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rí wọn gbà padà. Wọ́n ń gbé ìsìn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ, nítorí náà kò pẹ́ tí fídíò rẹ̀ fi kárí WhatsApp. Àwọn ọmọ tí kò dé Eruku rí wò ó lórí fóònù ìyá wọn, wọ́n sì tún un wò.

Ẹ mú ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án kan ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ṣíwọ́ àtọ̀sílé. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìkọlù, ẹní tún ń tutù láràárọ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé ọ̀lẹ ni, ó nà án, ó sì sọ ọ́ létí àwọn ọmọ ilé kejì kí ojú lè tì í. Nígbà tí kò ṣíwọ́, ó mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, nọ́ọ̀sì sì fún un ní oògùn ibà, torí ibà ló máa ń rí lójoojúmọ́. Bí ọ̀kadà bá bú lójú títì, ọmọ náà á ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹnìkan bá jókòó tì í, tó rọra bi í pé, "Àkànní, kí lo máa ń gbọ́ tí wọ́n bá ti paná?", ó ṣeé ṣe kó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó máa bi í ni kò sí.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Kí ìyá mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń jáde, kó fi ẹgba sílẹ̀, kí ọmọ máa sùn ti àgbàlagbà fúngbà díẹ̀, kí wọ́n pa fídíò náà rẹ́ kúrò lórí fóònù, kó tètè padà sí ilé-ìwé àti bọ́ọ̀lù gbígbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ara wọn máa ń balẹ̀ pẹ̀lú èyí bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò nílò dókítà. Ẹni tó lè dá ọ̀pọ̀ yẹn mọ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ yìí, tó sì wà nítòsí, ni a ń wá.

Bí àwọn ètò kan ṣe kúrò nílé tí wọn ò kú

Ti Australia yẹn, headspace lorúkọ rẹ̀, fún àwọn tó wà láàárín ọdún 12 sí 25 ni. Ọ̀dọ́ lè wọlé láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà kankan, yóò sì bá dókítà, onímọ̀ nípa ọkàn àti ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ oògùn olóró lábẹ́ òrùlé kan náà. Ẹni tó gbé e dé Denmark lọ́dún 2013 ni Poul Nyrup Rasmussen, tó ti jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀ rí, tí ọmọbìnrin tirẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀hún, iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń jókòó gbọ́ ọ̀dọ́, wọn kì í gba owó, wọn kì í béèrè orúkọ, wọn kì í sì í tọ́jú àìsàn. Ẹlòmíì lè ní wọ́n ti bu omi là á. Èmi rò pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é, torí Denmark kò ṣaláìní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ọ̀dọ́ lè rí bá sọ̀rọ̀ kó tó di pé ó ń ṣàìsàn ni kò pọ̀ tó, ìyẹn ni wọ́n sì mú nínú ètò náà.

Ti Zimbabwe ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Dixon Chibanda, tó jẹ́ dókítà ọpọlọ, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀dọ́bìnrin kan tí òun ń tọ́jú gba ẹ̀mí ara rẹ̀, àti pé owó mọ́tò ni kò rí tí kò fi wá sí ilé ìwòsàn. Dókítà wà, oògùn wà, owó mọ́tò ni kò sí. Lọ́dún 2006, Chibanda bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà 14 ní Mbare, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Harare. Kò sí yàrá fún wọn nínú ilé ìwòsàn, ni wọ́n bá gbé bẹ́ǹṣì síta. Ìyá àgbà á jókòó, ẹni tí ọ̀rọ̀ wúwo lọ́kàn rẹ̀ á jókòó tì í, wọ́n á tú gbogbo ìṣòro náà palẹ̀, wọ́n á mú ẹyọ kan tí ọwọ́ lè tó, wọ́n á sì fẹnu kò lórí ohun tí yóò ṣe kí wọ́n tó tún ríra. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016, tó kan èèyàn 573 ní ilé ìwòsàn 24, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbàlagbà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà.

Ní Kenya, ọmọ orílẹ̀-èdè náà kan, Tom Osborn, gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama, ọmọ ọdún 18 sí 22, ni àjọ rẹ̀, Shamiri, ń kọ́ tí wọ́n ń rán lọ sí àwọn ilé-ìwé. Wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àìsàn. Wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí pé ènìyàn lè yí padà, lórí ọpẹ́, lórí ohun tí ọmọ náà kà sí pàtàkì láyé. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2021 lórí akẹ́kọ̀ọ́ 413 rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn wọn dínkù ju ti àwọn tí wọ́n kọ́ ní ọgbọ́n ìkàwé nìkan, àǹfààní náà sì wà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù méje.

Mo ń ka èyí, College of Education tó wà ní Òró ló wá sí mi lọ́kàn, àti Federal Poly Ọ̀fà, àti àwọn àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ń pín sí àwọn ilé-ìwé wa lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀dọ́ tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí kò wọ́n wa.

A ti ṣe tiwa rí

Bí àlejò bá ní òun ń mú ìtọ́jú ọpọlọ wá fún wa bí ẹni mú iná wá sínú òkùnkùn, kí a rọra rán an létí. Lọ́dún 1954, Thomas Adeoye Lambo fi àwọn aláìsàn sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn Arò ká ní Abẹ́òkúta. Ẹbí kan ní láti bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jìnnà, ó bá wọn ṣiṣẹ́. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá kọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO.

Ní ti ọmọdé gan-an, Ìbàdàn kò jìnnà. Láti ọdún 2011 ni ibùdó kan ti wà ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí owó MacArthur Foundation ti Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun sì darí. Wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re títí dé oyè másítà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Bí àjọ kan bá wá ń fi bàálù gbé olùkọ́ wá láti òkè òkun sí Ìlọrin láìkọ́kọ́ yà sí Ìbàdàn, ó yẹ kí ìjọba Kwara bi wọ́n nídìí.

Láti Òmù-Àrán dé Òkè-Oyì

Kwara ní ìjọba ìbílẹ̀ 16. Ibi méjì tí ẹnu máa ń kàn bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọpọlọ ni ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin, UITH, ní Òkè-Oyì, àti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ ní Budó-Ẹ̀gbá. Ìtòsí Ìlọrin ni méjèèjì wà. Ní gbogbo Nàìjíríà, tí èèyàn rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù, àwọn dókítà ọpọlọ fúnra wọn ti sọ ọ́ léraléra pé àwọn kò tó 300. Àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ti ọmọdé ní pàtó nínú wọn kéré gan-an.

Ìyá tó fẹ́ mú ọmọ wá láti Òmù-Àrán yóò pa ọjà tì lọ́jọ́ náà. Yóò san owó mọ́tò ènìyàn méjì dé Ìlọrin, yóò tún wọ òmíràn dé Òkè-Oyì, yóò gba káàdì, yóò tò. Bí wọ́n bá ní kó padà wá lọ́sẹ̀ méjì, yóò ṣírò rẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó délé, ìṣirò náà ni kì í sì í jẹ́ kó padà. Owó mọ́tò tó pa ọmọ Zimbabwe yẹn lára wà lójú ọ̀nà tiwa náà. Nítorí náà, ètò tó bá dúró sí Ìlọrin, tó kọ "Kwara" sára ògiri, kò tíì dé Kwara.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti wárápá náà, torí àwọn oníwárápá wà lára àwọn tó máa ń kún ibi ìtọ́jú ọpọlọ. WHO sọ pé nínú 100 àwọn tó ní i, nǹkan bíi 70 lè máa gbé láìsí gìrì rárá bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, oògùn kan tó ti wà tipẹ́tipẹ́, phenobarbital, kò sì wọ́n. Síbẹ̀ àwọn ọmọ oníwárápá ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ láàárín wa, torí àwọn èèyàn gbà pé itọ́ ẹnu wọn ń ràn, wọ́n á sì dúró lókèèrè máa wo ọmọ tó ṣubú. Itọ́ náà kì í ràn. Nọ́ọ̀sì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìwé ìlànà tí WHO ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2010, fi wárápá àti ìṣòro ọmọdé sínú rẹ̀.

Tíṣà, ààfáà àti wòlíì

Ibi tí ọmọ wà ni ilé-ìwé, àti ilé kéú lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ní olùgbaninímọ̀ràn, kánsẹ́lọ̀ tí àwọn ọmọ ń pè, àmọ́ ẹni kan náà ló ń kọ́ wọn ní Civic, tó ń ṣètò ìdánwò, tí wọ́n tún ń rán sí ọ́fíìsì ìjọba. Yàrá tirẹ̀, bó bá ní i, àwọn olùkọ́ mẹ́ta mìíràn ló jọ ń jókòó síbẹ̀. Ọmọ wo ni yóò sọ ohun tí àbúrò bàbá rẹ̀ ń ṣe fún un lójú olùkọ́ mẹ́ta?

Gbogbo wa la sì mọ bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rí. Ọjọ́ mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì ní Ìlọrin, báàgì, bírò, ìwé ẹ̀rí, fọ́tò, owó ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ kan wá sọ fún olùkọ́ náà pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, olùkọ́ sì dá dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́. Níbi tí ètò Zimbabwe àti ti Kenya ti yàtọ̀ sí irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí nìyẹn. Àwọn ìyá àgbà yẹn ní ẹni tó ń bójú tó wọn, wọ́n ní ìgbà tí wọ́n ń pàdé láti tú ọ̀rọ̀ tó ta kókó palẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n lè fà á lé lọ́wọ́. Fún mi, àjọ tó bá fẹ́ wọ Kwara, kó fi orúkọ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ọpọlọ tí olùkọ́ Òró yóò pè lórí fóònù hàn mí, àti wákàtí tó máa ń gbé e, kó tó fi ilé tó fẹ́ kọ́ hàn mí. Kó sì ti bá ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ṣe àdéhùn pé wọn kò ní gbé olùkọ́ tí wọ́n kọ́ lọ sí ìlú mìíràn ní sáà tó tẹ̀lé e.

Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fo ààfáà àti wòlíì. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn òbí kọ́kọ́ ń gbé ọmọ lọ, ní òru pàápàá, torí ilẹ̀kùn wọn kì í tì, wọ́n gbọ́ èdè, wọn kì í sì í sọ pé ọmọ ya wèrè. Wọ́n lè gbàdúrà kí wọ́n sì tún sọ pé, "Ìyá Mùsíbáù, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́la, èmi náà ń bọ̀ níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn látẹnu ààfáà ju pátákó mẹ́wàá lọ. Àmọ́ kí a sọ òtítọ́: lọ́dún 2019 ni Human Rights Watch, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn èèyàn tí wọ́n ní àìsàn ọpọlọ ń ṣe ní Nàìjíríà, ọmọdé wà lára wọn, ilé ìsìn àti ti ìjọba sì wà lára ibi tí wọ́n ti bá a. A gbọ́dọ̀ bá àwọn tó ń gbàdúrà ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá so ọmọ mọ́lẹ̀, òfin ni kó bá a wí.

Òfin pẹ̀lú ní ibi tó ti ń dí wa lọ́wọ́. Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí Kwara àti àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ń lò, ka ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀, lábẹ́ abala 231. Òbí tí ọmọ rẹ̀ mu májèlé yóò kọ́kọ́ máa ronú ohun tí yóò sọ fún ọlọ́pàá, á sì ní ó ṣèèṣì mu ún ni. Dókítà á tọ́jú inú, ọmọ á padà sílé, kò ní sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀.

Bí ètò náà bá sì jẹ́ ti orí fóònù, ìbéèrè mìíràn tún wà. Fóònù ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lò. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, ìyá á kà á. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó gba ìsọfúnni ọmọdé. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé ilé gan-an ni ìyà ti ń jẹ ẹ́ kò lè gba àṣẹ yẹn, ìdí sì nìyẹn tí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì fi gbọ́dọ̀ wà tó lè rí i lójúkojú.

Ta ni yóò san owó lẹ́yìn àlejò?

Kwara ti gbàlejò ètò ìlera láti òkèèrè rí, ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 2007, pẹ̀lú owó tó ti Netherlands wá, ètò adójútòfò ìlera fún àwọn ará oko bẹ̀rẹ̀ ní Shonga, ó sì dé Afọ̀n lẹ́yìn náà. Hygeia, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera, ló ń darí rẹ̀, PharmAccess, àjọ kan láti Netherlands, àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ wà nídìí rẹ̀. Ìwọ̀nba owó táṣẹ́rẹ́ ni àgbẹ̀ ń san, owó ìrànwọ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Ó ran àwọn èèyàn lọ́wọ́. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Afọ̀n rí ìtọ́jú tí wọn ò rí rí, ìwádìí sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn walẹ̀. Àmọ́ owó ìrànwọ́ kì í wà títí, ó sì di dandan kí Kwara dá àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀ sílẹ̀, kó fi òfin gbé e ró.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ń ṣiyèméjì, kó wo ọdún 2025. Ní January ni ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ kí iṣẹ́ owó ìrànwọ́ wọn dúró. Nígbà tó fi máa di July, USAID, àjọ tó ń pín owó ìrànwọ́ náà, ti kógbá sílé. Kárí ayé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wọ ibi iṣẹ́ wọn láàárọ̀, wọn ò bá iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ọmọ tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ ikùn rẹ̀ fún ẹnìkan fún oṣù mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan kó bá àgádágodo. Ó sàn kí ètò kéré, kó jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan péré, Ìrẹ́pọ̀dùn tàbí Ọ̀yun, kí owó oṣù sì wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́, ju kó tàn dé ìjọba ìbílẹ̀ 16 lórí owó ẹlòmíràn. Kí ìtọ́jú ọpọlọ ọmọdé sì wọ inú ohun tí káàdì adójútòfò Kwara ń san, títí kan oògùn wárápá.

Fún òbí tí kò lè dúró de ètò kankan

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí ìyípadà sí i, bí oorun ọmọ ti rí, bó ṣe ń jẹun, ohun tí olùkọ́ sọ, àti bóyá ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé tàbí nílùú lásìkò náà. Bí ó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sì yí padà, ẹ mú ìwé náà àti ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìwé tí ẹ óò mú dé UITH tàbí Budó-Ẹ̀gbá. Ìwé yẹn á gbà yín ní ìdajì àlàyé.

Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ kú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ẹgba dá lóhùn, a kì í sì í dúró di ọ̀la. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn kòkòrò kúrò nílé, pàápàá Sniper inú ìgò kékeré tí NAFDAC ti fòfin de títà rẹ̀, àmọ́ tó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà lóru náà. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí dókítà bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ̀yin tó wọlé.